Ta ló ń pinnu pé kí ilé gba sólà? Ìrírí mi nídìí iṣẹ́ iná ní Ìbàdàn

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn. Mo ń to wáyà sí ilé tuntun, mo sì ń tún ti ilé àtijọ́ ṣe, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iṣẹ́ sólà ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò mi. Lítà epo bẹntiróòlù kan, tí owó rẹ̀ kò tó igba náírà kí ìkéde náà tó wáyé, ti wọ nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó kọjá 600 ní oṣù keje ọdún náà, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti lé ní 1,000. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, tún gbé owó iná àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí A, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà lórí yúníìtì kan.

Ẹni tí ó bá wo àwọn iye wọ̀nyí yóò rò pé ìṣirò owó nìkan ni ó ń lé àwọn ènìyàn wá sọ́dọ̀ wa. Ohun tí àwọn fúnra wọn sì máa ń sọ nìyẹn: "Epo ti wọ́n jù, ẹ bá mi ṣe sólà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni gbogbo ará àdúgbò ń ra epo, síbẹ̀ ilé kan yóò ṣe sólà, ilé tí ó kángun sí i kò ní ṣe é, ẹnì kẹta yóò ṣe é ṣùgbọ́n yóò ṣe èyí tí kò bá ìlò ilé rẹ̀ mu rárá. Mo wá ìdí ìyàtọ̀ yìí nínú ìṣirò títí, n kò rí i níbẹ̀. Àárín ènìyàn sí ènìyàn ni mo ti rí i: láàárín aládùúgbò àti aládùúgbò, ọkọ àti aya, ìyá àti ọmọ tí ó wà lókè òkun, onílé àti ayálégbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ tún ọ̀nà tí ilé ń gbà lo iná ṣe nílẹ̀ wa, tí kò sì mọ ẹni tí onílé ń tẹ́tí sí, yóò máa ṣòfò ọ̀rọ̀ ni.

Òpópónà kan wà ní apá Àkóbọ̀ tí a ti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Alhaji kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni ó kọ́kọ́ ṣe sólà níbẹ̀. Òrùlé rẹ̀ kọjú sí títì, ẹni tí ó bá sì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ìrọ̀lẹ́ kò lè ṣàì rí àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí a tò sórí rẹ̀. Rírí tí wọ́n rí i yìí kò mú ẹnikẹ́ni pè mí. Ohun tí ó mú wọn pè mí ni àsìkò kan tí epo wọ́n gógó, tí jẹnẹrétọ̀ ń kú ní ilé kan tẹ̀ lé èkejì, tí iná ilé Alhaji kò sì ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ àdúgbò kó fóònù wọn wá gba iná níbẹ̀. Àwọn bàbá jókòó sí fàráńdà rẹ̀, wọ́n wo bọ́ọ̀lù títí ó fi parí, olúkúlùkù wọn sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí ilé náà ti dákẹ́ tó. Nígbà tí wọ́n bi Alhaji ní iye tí ó ná an, ó sọ ọ́ fún wọn tààrà, ó sì sọ ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó pẹ̀lú: pé bí òjò bá ṣú fún ọjọ́ méjì, bátìrì náà kì í kún. Lára wa, ẹni tí ń sọ iye tí ó fi ṣe nǹkan sí ilé rẹ̀ fún aládùúgbò kò pọ̀, ẹni tí ó sì ń sọ àléébù rẹ̀ tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí Alhaji sọ ní fàráńdà rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju gbogbo ìwé ìpolówó tí a ti pín ní àdúgbò náà lọ.

Àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún mi lórí fóònù lẹ́yìn náà ni pé, "Irú ti Alhaji gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe fún mi." Níbí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Alhaji ti kúrò nílé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó kù. Ní alẹ́, fáànù méjì, gílóòbù LED mélòó kan, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì kékeré ni wọ́n ń lò, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 300 wáàtì lọ. Bátìrì lítíọ́mù tí ó gba kílówáàtì wákàtí márùn-ún, ìyẹn èyí tí ó lè gbé 5,000 wáàtì fún wákàtí kan, yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́jú, yóò sì tún ṣẹ́kù. Aládùúgbò rẹ̀ tí ó fẹ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ẹ̀rọ amúlétutù ní yàrá, ó ní fìríìsà méjì, ó ní pọ́ńpù tí ń fa omi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ní alẹ́. Bí ẹ̀rọ amúlétutù àti fìríìsà nìkan bá jọ ń fa 1,200 wáàtì, bátìrì kan náà kò ní tó wákàtí mẹ́rin àbọ̀ kí ó tó tán pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ nígbà náà, inverter, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí ilé ń lò, yóò dákú. Ní ọjọ́ kejì, òun náà yóò sọ fún àwọn tí ó wà ní mọ́ṣáláṣí pé sólà kò dára. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ oníbàárà pé kí a jọ rin inú ilé láti yàrá dé yàrá, kí a kọ gbogbo ohun tí ń fa iná sílẹ̀ kí a tó dárúkọ owó. Mi ò sì jẹ́ ṣe é níwájú àlejò, nítorí ẹlòmíràn kò fẹ́ kí a gbọ́ pé ti òun yóò kéré sí ti àna òun.

Lẹ́yìn tí mo ti rí èyí fún ìgbà pípẹ́ ni mo ka nípa ìwádìí kan tí Jessica Nolan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2008, tí Robert Cialdini, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn, sì wà lára wọn. Ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí ń mú wọn dín iná tí wọ́n ń lò kù, ohun tí aládùúgbò ń ṣe ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá wo èyí tí ó bá ìṣe àwọn ènìyàn náà rìn jù, ohun tí aládùúgbò ń ṣe yìí gan-an ni ó wà lókè. Wọ́n tún lọ fi ìwé kọ́ sí ilẹ̀kùn àwọn ilé kan ní ìlú San Marcos: wọ́n bá àwọn kan sọ̀rọ̀ owó, wọ́n bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ àyíká, wọ́n sì sọ fún àwọn kan pé fáànù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aládùúgbò wọn ń lò dípò ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn tí ó gbọ́ nípa aládùúgbò wọn ni wọ́n dín iná kù jù. Bí mo ṣe ń kà á ni mo ń rí àwọn ènìyàn mi ní Àkóbọ̀. Wọn kò purọ́ fún mi nígbà tí wọ́n ní owó epo ni. Ohun tí ó ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn ni wọn kò yíjú wò.

Nínú ilé fúnra rẹ̀, ẹni tí ó pè mí kọ́ ni ẹni tí yóò pinnu. Ọkọ lè pè mí, kí àwa méjèèjì ṣe ìṣirò, kí a fẹnu kò sí iye kan, kí iṣẹ́ náà sì kú ní alẹ́ ọjọ́ kan náà nítorí pé a kò bá ìyàwó sọ̀rọ̀. Ìyàwó yìí ni ó ń ta omi tútù àti sóbò nínú fìríìsà, òun ni ó mọ ìgbà tí wọ́n ń fa omi, òun ni ó sì mọ̀ pé ọmọ kan wà tí kì í lè sùn bí fáànù bá dúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń ní: "Ṣé ó máa gbé fìríìsà mi?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, a jẹ́ pé wọn yóò ṣì máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí ọjà rẹ̀, kí wá ni wọ́n ṣe fẹ́ kó owó ńlá lé sólà? Mo gbà pé ìbéèrè yìí mọ́gbọ́n wá ju ọ̀pọ̀ ohun tí àwa oníṣẹ́ máa ń ṣàlàyé lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, bí ìyá ilé kò bá sí níjokòó, mo máa ń ní kí a sún ọ̀rọ̀ owó síwájú.

Ti àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun tún yàtọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní Òkè-Àdó tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní ìlú Manchester. Ọmọ náà ti fi owó ránṣẹ́, ó ti yan irú bátìrì tí ó fẹ́, ó sì ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá náà fún mi ní omi, ó ṣàdúrà fún mi, ó wá ní, "Ọmọ mi, ẹ má bínú. Ohun tí mànàmáná yóò máa wá kiri ni ẹ fẹ́ gbé lé mi lórí òrùlé yìí." Mo ṣàlàyé nípa wáyà tí a ń rì mọ́ ilẹ̀, mo sì fi ẹ̀rọ kékeré tí ń dáàbò bo inverter lọ́wọ́ ààrá hàn án. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn olè yóò rí i, wọn yóò sì mọ̀ pé owó wà nílé. Mo tún ṣàlàyé. Nígbà tí ó yá, ó sọ èyí tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an: "Bí ó bá ṣe gbogbo èyí fún mi, ṣé kì í ṣe pé òun kò ní í wálé mọ́ nìyẹn?"

Kò sí ìdáhùn sí èyí nínú iṣẹ́ tí mo kọ́. Ọmọ rẹ̀ ni mo pè, mo sì ní kí ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó má dárúkọ bátìrì. Ohun tí wọ́n jọ sọ, àwọn méjèèjì ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i, ẹni tí ó ti ń lo sólà ní ilé tirẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ààrá ti sán lórí ilé mi títí, kò mú nǹkan kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣe é fún yín kí ẹ lè rí oorun sùn nígbà ooru." Ìyá náà bojú wò mí, ó ní kí n lọ mú àkàbà mi wá. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ọ̀sán gbáko sọ kò yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n èmi ń ta ọjà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tà á. Mo ti wá gbà láti ọjọ́ náà pé fún àwọn àgbà, ẹgbẹ́ wọn ni ó yẹ kí ó mú ìròyìn wá.

Bí ìròyìn rere ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn burúkú ń rìn, ẹsẹ̀ tirẹ̀ sì yá jù. Ní apá Apẹtẹ, oníṣòwò kan ta bátìrì tí wọ́n ti lò fún ìdílé kan, ó ní tuntun ni. Bátìrì náà wú bí ẹni tí ó yó ju, ó ń rùn nínú pálọ̀, wọ́n sì gbé e jù síta lójú gbogbo ènìyàn. Odidi òpópónà yẹn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ sólà mọ́. N kò gbìyànjú láti polówó níbẹ̀. Ilé tí ó ti ṣẹlẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ, mo tún wáyà wọn tò, mo lo àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí ó ṣì dára, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n ra bátìrì fúnra wọn níbi tí wọ́n bá gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Ó pẹ́ kí ẹlòmíràn tó pè.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ń rí. Pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé, ojú ọ̀run mọ̀ pé o ní in. Ta ló ń wo àjà? Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ni a fi páànù bò tí a kò tẹ́ àjà sí, tàbí tí àjà rẹ̀ ti já. Ooru páànù ń bọ́ lu àwọn ènìyàn ní tààrà láti oṣù kejì títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀, owó tí wọn ì bá sì fi tún àjà ṣe ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa, tí ògiri rẹ̀ nípọn, ṣì tutù lọ́sàn-án ju ọ̀pọ̀ ilé búlọ́ọ̀kù wa òde òní lọ. Gílóòbù ńkọ́? Ilé tí ó ní gílóòbù àtijọ́ mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 wáàtì, ń sun 600 wáàtì nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tàn. Bí a bá fi LED oní wáàtì mẹ́sàn-án rọ́pò wọn, gbogbo rẹ̀ yóò di 90. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fìríìsà tí ó ti já ń mú kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láìsinmi tọ̀sán tòru. Bí a bá tún àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe kí a tó ra sólà, bátìrì tí ó kéré, tí owó rẹ̀ sì dínkù, yóò tó ilé náà. Mo ti sọ èyí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ onílé. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní mo sọ òótọ́, wọ́n á sì béèrè pé pánẹ́ẹ̀lì mélòó ni yóò gbà.

Ìyá kan tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó là mí lójú sí ohun tí a lè ṣe. Lẹ́yìn tí a pààrọ̀ gílóòbù àti rọ́bà fìríìsà rẹ̀, ó mú ìwé kíkọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, ó fà á ní ìlà pẹ̀lú rúlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye tí ó wà lójú mítà sílẹ̀ ní alaalẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n lò. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá wá lo ìsinmi, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá lọ aṣọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ó di ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, ó mú ìwé náà jáde nínú àpò, ó fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí yúníìtì tí ó ń lò ṣe dínkù. Àwọn obìnrin náà gba ìwé yìí lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń ṣí i wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ ìwé tiwọn, tí wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ní ìpàdé pé, "Mélòó ni tìrẹ lóṣù yìí?" Ohun tí kò sí ẹni tí ń rí tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a lè fi han ọ̀rẹ́. Àwọn tí ó kọ etí dídi sí mi tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè mí pé kí n wá wo rọ́bà fìríìsà àwọn.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yìí náà ni mo rí pé ó ń mú kí ẹni tí kò ní owó púpọ̀ lè ṣe sólà láìkó sí gbèsè olówó èlé. Nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó yá a lówó, onídùúró kì í fẹ́ kí a fi owó náà ra ìyà. Òun fúnra rẹ̀ yóò béèrè pé ta ni oníṣẹ́ náà, ilé ta ni ó ti ṣe é rí, yóò sì lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, nítorí pé ó ń mú kí a ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń wò.

Àwọn ayálégbé ni ọ̀rọ̀ wọn ṣì le jù. Ayálégbé kò fẹ́ gbé owó lé òrùlé onílé, onílé náà sì ń bẹ̀rù pé òjò yóò jò níbi tí a bá lu òrùlé sí, tàbí pé ayálégbé yóò ní òun kò ní kúrò. Níbi tí ó ti ṣeé ṣe fún mi, mo máa ń bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí: ta ni ó ni pánẹ́ẹ̀lì, ta ni yóò dí ihò òrùlé ní ọjọ́ tí a bá ń kó o lọ. Àwọn onílé kan gbà. Àwọn mìíràn fi owó ilé kún un kí a tó tú àkàbà kúrò lára ògiri, mo sì ka ìyẹn sí ìrẹ́jẹ.

Ìjà tí n kò rò tẹ́lẹ̀ pé sólà lè dá sílẹ̀ ni ti tiransífọ́mà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, bí tiransífọ́mà bá bàjẹ́, àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ń dáwó láti tún un ṣe. Ó ṣẹlẹ̀ ní òpópónà kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé púpọ̀ pé nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onílé bu owó fún olúkúlùkù, àwọn tí ó ti ní sólà ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn mọ́. Àwọn tí ó kù kò lè dá gbogbo owó náà gbé. Òkùnkùn bo ilé àwọn opó àti àwọn ayálégbé fún ìgbà pípẹ́, àwọn kan kò sì kí ara wọn mọ́. Èmi ni mo ta sólà fún wọn, nítorí náà mo lọ sí ìpàdé wọn, mo sì sọ fún àwọn oníbàárà mi lójú gbogbo ènìyàn pé ó yẹ kí wọ́n san tiwọn, nítorí pé ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí ojú ọjọ́ bá ṣú, iná tí ń gba inú tiransífọ́mà yẹn wá ni yóò kún bátìrì wọn. Àwọn kan san án ní ọjọ́ náà, àwọn kan bínú sí mi. Nísinsìnyí, mo máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà kí ó tó san owó àsansílẹ̀ pé owó àdúgbò yóò ṣì máa bẹ. Bí ó bá wá hàn sí mi pé nítorí kí ó má baà dáwó pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò mọ́ ni ó ṣe fẹ́ sólà, mo máa ń ní kí ó lọ wá oníṣẹ́ mìíràn.